Èpò Tí A Kò Rí Lé

Èpò kan gba ẹ̀yìn ilé tí mo háyà ní Ayigya, ní Kumasi. Akintọ́lá ni ìyá mi ń pè é nílé. Awólọ́wọ́ ni àwọn Yorùbá mìíràn ń pè é. Maame, onílé mi tí wọ́n jẹ́ Asante, Acheampong ni wọ́n ń pè é. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá gbòde ni aráàlú fi ń sọ èpò tó gbòde.

Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni èpò náà ti wá. Ní 1969 ni àwọn onímọ̀ rí i ní Legon. Nígbà tí Acheampong fi ń ṣèjọba, láti 1972 sí 1978, ó ti ń gba oko kiri Gánà.

Ní 1969 yẹn kan náà, ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò níwèé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ Yorùbá tó ń ṣòwò ní Kumasi ló di ẹrù. Ìyá bàbá mi wà lára wọn. Ní 1983, Nàìjíríà náà lé àwọn ará Gánà. Èpò nìkan ni ẹnikẹ́ni kò rí lé.

Maame ní kí n dáná sun ún, nítorí ó ti so. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí a sọ ọ́ di ajílẹ̀. Ìbẹ̀rù wọn tọ̀nà: bí òkìtì bá tutù, hóró kò ní kú, oko ni a ó tún fi ajílẹ̀ náà gbìn ín sí. Ṣùgbọ́n bí inú òkìtì bá gbóná dé ìwọ̀n Celsius 55 sí 65 fún ọjọ́ mélòó kan, ọ̀pọ̀ hóró á kú. Ó gbọ́dọ̀ ga, kó sì fẹ̀, tó mítà kan. Kí a po tútù mọ́ gbígbẹ, kí a bomi rin ín, kí a sì máa yí i, kí ti ẹ̀gbẹ́ lè bọ́ sí àárín. Ní Buobai, lágbègbè Kumasi níbí, wọ́n fi irú ooru bẹ́ẹ̀ sọ ìdọ̀tí ọjà àti ìgbẹ́ di ajílẹ̀ ní 2002.

Ìgbà kejì tí a yí òkìtì wa ni Maame sọ fún mi pé wọ́n lé ẹ̀gbọ́n wọn kúrò ní Èkó ní 1983. Èmi náà sọ ti ìyá bàbá mi. Ó ti pé ọdún kan tí a jọ ń gbélé, a kò sọ ọ́ rí. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, bí a bá kàn wọ́ ọ jọ sí kọ̀rọ̀, yóò tún hù.

Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ la gbìn sórí ajílẹ̀ náà. Àwa méjèèjì la jọ ń já a.