Àpótí ló ń gbé báàsì jáde

Ọ̀rọ̀ wúfà ni tòní. Mo ta ọ̀kan rí ní Ogbete, sípíkà inú ẹ̀ tóbi gan-an. Oníbàárà gbé e padà, ó ní báàsì ò jáde. Mo dá owó ẹ̀ padà. Àṣé àpótí ẹ̀ ló ń jò.

Ẹ gbọ́ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1925, Rice àti Kellogg ní Amẹ́ríkà ṣe irú sípíkà tá à ń lò dòní. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ báàsì nígbà yẹn, àpótí ńlá ló máa rà. Lọ́dún 1954, Edgar Villchur dé àpótí kékeré pa pinpin. Afẹ́fẹ́ tó há sínú ẹ̀ wá ń dá ojú sípíkà padà bíi sípíríǹgì, báàsì sì jáde. Lọ́dún 1961, Neville Thiele ní Ọsirélíà fi ìṣirò hàn bí àpótí oníhò ṣe yẹ kó tóbi tó fún sípíkà kọ̀ọ̀kan. Ṣáájú ìyẹn, àfojúbù ló pọ̀ jù.

Àwọn onílù wa kúkú mọ̀ ọ́n: awọ nìkan kọ́ ló ń mú gbẹ̀du dún, igi tí wọ́n gbẹ́ náà wà ńbẹ̀.

Torí náà, kẹ́ ẹ tó sanwó, tí àpótí ò bá níhò, ẹ pa iná, ẹ fi ìka ti ojú sípíkà wọlé jẹ́jẹ́, kẹ́ ẹ fi sílẹ̀. Tó bá rọra padà, ó dé dáadáa. Tó bá ta padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó ń jò, ẹ má rà á. Ọjà á tà o.