Ìwé Aláṣọ: Iṣẹ́ Ọnà Tí Àwọn Ọ̀rẹ́ Ń Pawọ́ Pọ̀ Ṣe

Ìwé aláṣọ ni ìwé tí aṣọ gba ipò bébà nínú rẹ̀. Aṣọ òwú, ọ̀gbọ̀ tàbí sílíìkì ni wọ́n fi ń ṣe ojú-ewé rẹ̀. Wọ́n lè kóṣẹ́ sí i lára, wọ́n lè fi ọ̀dà kùn ún, wọ́n sì lè rán ègé aṣọ mìíràn, bọ́tìnì, ìlẹ̀kẹ̀ tàbí fọ́tò mọ́ ọn. Lóde òní, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe é kì í dá a ṣe. Ẹni mẹ́rin, mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ a kó ara jọ, kálukú a rán ojú-ewé tirẹ̀, wọn a sì di gbogbo rẹ̀ pọ̀ sí ìwé kan. Orísun méjì ni àṣà yìí ní. Ọ̀kan ni kíkọ ìwé sára aṣọ, tó ti wà kí bébà tó gbalẹ̀. Èkejì ni ìwé ọ̀rẹ́, tí ojúlùmọ̀ ń fi ọwọ́ ara wọn kọ nǹkan sí fún ẹni tí wọ́n fẹ́ràn. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni méjèèjì wà fún ìgbà pípẹ́ kí abẹ́rẹ́ àwọn obìnrin tó so wọ́n pọ̀.

Ìwé aláṣọ tó lókìkí jù lọ nínú ti àtijọ́ wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní Zagreb, olú-ìlú Kroatíà. Àwọn Etrúskì, tí wọ́n gbé ní Ítálì kí Róòmù tó gba ilẹ̀ wọn, ló kọ ọ́ sára aṣọ ọ̀gbọ̀ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹta ṣáájú ìbí Kristi. Ó gùn ju mítà mẹ́ta lọ, ńṣe ni wọ́n sì máa ń ṣẹ́ ẹ po léraléra kí ó tó dà bí ìwé. Ọ̀nà tó gbà yè dòní ṣàjèjì. Ní Íjíbítì, wọ́n fà á ya tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n sì fi di òkú obìnrin kan tí wọ́n fi oògùn tọ́jú kí ó má bàa jẹrà. Ní 1848, Mihajlo Barić, òṣìṣẹ́ ìjọba kan tó jẹ́ ará Kroatíà, ra òkú náà ní Alẹkisáńdíríà láìmọ ohun tí ó rà. Ó di 1891 kí ọ̀mọ̀wé Jacob Krall tó rí i dájú pé èdè Etrúskì ló wà lára aṣọ náà. Nǹkan bí 1,200 ọ̀rọ̀ ṣì ṣeé kà níbẹ̀, kò sì sí àkọsílẹ̀ mìíràn ní èdè náà tó gùn tó o.

Àwọn ará Ṣáínà kọ̀wé sára sílíìkì bákan náà. Ní 1973, àwọn awalẹ̀pìtàn rí àwọn ìwé sílíìkì tí àmì ọ̀rọ̀ wọn lápapọ̀ lé ní 100,000 ní Mawangdui, nítòsí ìlú Changsha, nínú ibojì tí wọ́n ti dí pa láti 168 ṣáájú ìbí Kristi. Ọ̀rọ̀ ọgbọ́n, ìwòsàn àti ìràwọ̀ ló kún inú wọn. Ṣùgbọ́n sílíìkì wọ́n púpọ̀, nígbà tí bébà sì wá pọ̀ lọ́jà, òun ló gba iṣẹ́ ìwé kíkọ.

Ìwé ọ̀rẹ́ ní tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lórí bébà. Ní nǹkan bí àwọn ọdún 1540, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Wittenberg, ní Jámánì, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìwé kékeré kiri kí àwọn olùkọ́ bíi Martin Luther àti Philipp Melanchthon lè kọ ọ̀rọ̀ sí i. Láìpẹ́, àwọn ọ̀rẹ́ náà ń kọ, àwọn ayàwòrán sì ń ya àwòrán sí i. Philipp Hainhofer, oníṣòwò iṣẹ́ ọnà ní Augsburg, kó ọwọ́ ọba àti ìjòyè jọ sínú tirẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 2020 ni ilé ìkàwé kan ní Wolfenbüttel ra ìwé náà ní mílíọ̀nù 2.8 owó yúrò. Nígbà tí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún fi máa dé, àṣà yìí ti kúrò lọ́wọ́ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n nìkan, ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ló ti ní ìwé ọ̀rẹ́ tirẹ̀.

Ní nǹkan bí 1840 ni ìwé ọ̀rẹ́ bọ́ sórí aṣọ, ní Pennsylvania, New Jersey àti Maryland ní ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà. Àwọn obìnrin ibẹ̀ ti mọ kúbúsù àránpọ̀ rán tipẹ́. Ègé aṣọ ni wọ́n fi ń ṣe ojú rẹ̀, wọn a tẹ́ òwú sí àárín, wọn a fi aṣọ mìíràn sí ẹ̀yìn, wọn a sì fi abẹ́rẹ́ gún ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta já kí wọ́n má bàa yẹ̀ lórí ara wọn. Ohun tó jẹ́ tuntun ni pé ègé kọ̀ọ̀kan wá ní ẹni tó ni ín. Ọ̀rẹ́ kan a kọ orúkọ rẹ̀ sí àárín ègé, a fi ọdún sí i, tàbí ìlú rẹ̀, tàbí ọ̀rọ̀ ìdágbére. Nǹkan méjì ló mú kí èyí ṣeé ṣe. Tàdáwà àtijọ́ ní irin nínú, ó sì máa ń jẹ aṣọ títí ibi tí wọ́n kọ nǹkan sí yóò fi lu. Láàárín àwọn ọdún 1830 ni tàdáwà tó ṣeé fọ̀ tí kò ba aṣọ jẹ́ jáde sọ́jà. Ìdí kejì ló wúwo jù. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdílé ń kó lọ sí ìwọ̀-oòrùn nígbà náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì retí pé àwọn yóò tún fojú kan ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí aládùúgbò tí wọ́n fi sílẹ̀. Kúbúsù ṣeé ká sínú àpótí, ó sì ṣeé bora sùn. Ẹni tó bá bò ó mọ́ra, gbogbo ojúlùmọ̀ rẹ̀ ló bò mọ́ra yẹn.

Ìlú Baltimore ni iṣẹ́ náà ti dé góńgó, láàárín 1846 sí 1852. Ọ̀pọ̀ nínú kúbúsù ibẹ̀ ní ègé 25, tí kò sí méjì tó jọra: agbọ̀n òdòdó wà lórí ọ̀kan, ẹyẹ wà lórí òmíràn, ọkọ̀ ojú omi tàbí ilé ńlá kan láàárín ìlú wà lórí àwọn mìíràn. Ọgbọ́n fífi aṣọ lé aṣọ ni wọ́n fi ṣe é, àwọn ìyá ìjọ Mẹ́tọ́díìsì sì máa ń fi irú kúbúsù bẹ́ẹ̀ ta àlùfáà lọ́rẹ.

Harriet Powers kò ṣe tirẹ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́, síbẹ̀ a kò lè sọ ìtàn ìwé aláṣọ kí a fò ó. Inú oko ẹrú ni wọ́n bí i sí ní 1837, nítòsí Athens ní ìpínlẹ̀ Georgia. Lẹ́yìn òmìnira, ó gé aṣọ sí àwòrán ènìyàn, ẹranko àti ìràwọ̀, ó fi wọ́n lé orí kúbúsù ní ojú 11, ó sì fi sọ ìtàn Bíbélì láti ọgbà Édẹ́nì wá. Ní 1886, olùkọ́ iṣẹ́ ọnà kan, Jennie Smith, rí i níbi ìpàtẹ ọjà ní Athens, ó sì fẹ́ rà á, ṣùgbọ́n Powers kọ̀. Nígbà tí ọwọ́ ìyà tẹ̀ ẹ́, ó tà á ní dọ́là márùn-ún péré. Ó kọ́kọ́ túmọ̀ ojú kọ̀ọ̀kan fún Smith, ẹni yẹn sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Àlàyé yẹn ló jẹ́ kí ayé lè ka kúbúsù náà lónìí ní Washington, níbi tó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian. Kúbúsù rẹ̀ kejì, tó ní ojú 15, wà ní Boston.

Ní 1903, ilé iṣẹ́ Dean ní Lọ́ńdọ̀nù bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé aláṣọ fún àwọn ọmọdé, èyí tí ọmọ lè jẹ lẹ́nu tí ìyá sì lè fọ̀. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ka ìwé aláṣọ sí ohun ọmọ ọwọ́.

Ogun Àgbáyé Kejì ló fi hàn bí iṣẹ́ ọ̀rẹ́ lórí aṣọ ṣe lágbára tó. Ní oṣù kejì 1942, Japan gba Singapore, wọ́n sì kó àwọn aráàlú tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ ọ̀tá wọn, pẹ̀lú obìnrin àti ọmọdé, sí ẹ̀wọ̀n Changi. Àwọn ọkọ tó jẹ́ sójà wà ní àgọ́ ọ̀tọ̀. Ìyàwó kò mọ̀ bóyá ọkọ òun wà láàyè, ọkọ náà kò mọ̀ nípa ìyàwó. Ethel Mulvany, ọmọ Kánádà tó wà lára àwọn ẹlẹ́wọ̀n, ló dábàá pé kí àwọn obìnrin rán kúbúsù fún àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́. Wọ́n fún ẹni tó bá fẹ́ ní ègé aṣọ funfun tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó ínǹṣì mẹ́fà, wọ́n ní kí ó kóṣẹ́ ohun kan nípa ara rẹ̀ sí i, kí ó sì rán orúkọ rẹ̀ mọ́ ọn. Kúbúsù mẹ́ta ló jáde, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ègé 66. Wọ́n fi ọ̀kan sọrí àwọn sójà Japan tó fara gbọgbẹ́ kí ọ̀gá ẹ̀wọ̀n lè gbà kí méjì yòókù jáde, ọ̀kan fún ọmọ Australia, ọ̀kan fún ọmọ Britain. Nígbà tí wọ́n dé ilé ìwòsàn àgọ́ sójà, àwọn ọkọ ka orúkọ ìyàwó wọn lára aṣọ, wọ́n sì mọ̀ pé ó ṣì mí. Òdòdó, ilé àti àwòrán ìlú abínibí wà lára àwọn ègé náà, àwọn mìíràn sì fi ọgbọ́n fi àwòrán ìyẹ̀wù ẹ̀wọ̀n hàn. Kúbúsù Britain wà lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ Red Cross ní Lọ́ńdọ̀nù báyìí. Méjì yòókù wà ní ilé ìrántí ogun ní Canberra.

Láàárín àkókò kan náà, àwọn aládìrẹ ní Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn ń fi ìyẹ́ adìẹ àti ẹ̀kọ láfún ya ìtàn ìgbà wọn sára aṣọ. Adìrẹ Ìbàdàndùn pín sí igun mẹ́rin mẹ́rin bí ojú-ewé, òpó gbọ̀ngán Mápó, tí wọ́n ṣí ní 1929, sì wà lára àwọn àwòrán rẹ̀. Kì í ṣe ìwé, wọn kì í sì í fọwọ́ ọ̀rẹ́ sí i, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà a rí ìlú níbẹ̀.

Láti ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún ogún, àwọn ayàwòrán ńlá dá iyì ìwé aláṣọ padà. Faith Ringgold, pẹ̀lú ìyá rẹ̀ Willi Posey tó jẹ́ aránṣọ, rán kúbúsù rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 1980. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ odindi ìtàn sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán rẹ̀. Èyí tó pè ní Tar Beach, tó ṣe ní 1988, di ìwé ọmọdé ní 1991. Louise Bourgeois, tí àwọn òbí rẹ̀ ń tún aṣọ ọnà ògiri ṣe ní Faransé, ti pé ẹni 90 ọdún nígbà tó ṣe ìwé aláṣọ Ode à l’oubli ní 2002. Aṣọ ìnuwọ́ tó ti ní láti ìgbà ìgbéyàwó rẹ̀ ní 1938 ló fi ṣe ojú-ewé, ó sì gé aṣọ tó ti wọ̀ rí láti fi ṣe ọnà rẹ̀. Ìwé ìrántí aláwòrán tí wọ́n ṣe lórí bébà pẹ̀lú gbajúmọ̀ lákòókò yìí: wọ́n tẹ ti ayàwòrán Frida Kahlo jáde ní 1995, wọ́n sì tẹ àṣàyàn láti inú ti Dan Eldon, ayàwòrán ìròyìn tó dàgbà ní Nairobi tí wọ́n pa ní Mogadishu ní 1993, jáde ní 1997.

Àwọn ẹgbẹ́ ọ̀rẹ́ òde òní so gbogbo èyí pọ̀. Ọ̀nà méjì ni wọ́n sábà ń gbà ṣe ìwé aláṣọ. Nínú ti àyípo, kálukú a bẹ̀rẹ̀ ìwé tirẹ̀, a gbé e fún ẹni tó kàn, ìwé náà a sì yí ká títí yóò fi padà sọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Nínú ti pàṣípààrọ̀, bí wọ́n bá jẹ́ ẹni mẹ́fà, ẹnì kọ̀ọ̀kan a ṣe ojú-ewé kan náà ní ẹ̀dà mẹ́fà, a mú ọ̀kan, a pín márùn-ún, kálukú a sì ní odindi ìwé. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fẹnu kò lórí ìwọ̀n ojú-ewé, kí wọ́n sì fi nǹkan bí ínǹṣì kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n máa rán pọ̀. Ìwé tí ìlẹ̀kẹ̀ bá dé ibi tí wọ́n ti rán an pọ̀ kò ní pa dé. Aṣọ òwú ni kí wọ́n fọ̀ kí wọ́n sì lọ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí ó máa ń súnkì. Àjákù ànkárá, adìrẹ, léèsì àti aṣọ òkè dára fún un, ṣùgbọ́n aṣọ òkè máa ń tú ní etí, ó sì yẹ kí wọ́n ṣẹ́ etí rẹ̀ rán. Ojú-ewé méjì tí wọ́n bá kọ ẹ̀yìn síra wọn máa ń bo ìdí òwú mọ́lẹ̀.

Oòrùn, ọ̀rinrin àti kòkòrò ni ọ̀tá ìwé aláṣọ, ìdí nìyẹn tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé fi ń pa aṣọ àtijọ́ mọ́ sínú ìmọ́lẹ̀ bàìbàì. Rírì aṣọ sínú omi tíì kí ó lè dà bí ògbólógbòó wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n oje tíì máa ń mú kí aṣọ gbó kíákíá. Ó yẹ kí ẹni tó ṣe ojú-ewé kọ orúkọ rẹ̀ àti ọdún sí i fúnra rẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ kúbúsù ọ̀rẹ́ àtijọ́, ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo tó mọ ìwé kọ dáadáa ló kọ gbogbo orúkọ, nítorí náà ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ègé lè máà jẹ́ ẹni tó rán an.