Yàrá kan, iṣẹ́ púpọ̀: bí àwọn baba wa ṣe ń gba àlejò

Lónìí, ọ̀rọ̀ ilé àlejò la mú wá. Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé òyìnbó ló kọ́ wa bí a ṣe ń gba èrò ọ̀nà, nítorí pé hôtel àti auberge là ń pè é. Ìtàn kò sọ bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1826, Hugh Clapperton, ará Scotland, gba Kaiama kọjá, ìlú Borgu kan tó wà ní Nàìjíríà lónìí. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun bá ẹgbẹ́ oníṣòwò Hausa níbẹ̀, tí wọ́n ń ru obì bọ̀ láti Gonja àti ilẹ̀ Ashanti. Goro ni àwọn Hausa ń pe obì. Àwọn èrò náà ju 1,000 lọ, lọ́kùnrin lóbìnrin, ẹran tó ń ru ẹrù wọn náà sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ rò ó wò: ìlú wo ni yóò kọ́ 1,000 yàrá sílẹ̀ de àwọn tó máa sùn ọjọ́ díẹ̀, tí wọ́n á sì lọ?

Ọgbọ́n tí wọ́n dá sí i ni zongo, ìyẹn ibùdó èrò ní èdè Hausa. Wọ́n ń fi igi àti koríko pa àgọ́. Bí èrò bá pọ̀, àgọ́ á pọ̀. Àwọn míì ń wọ̀ sílé baálé tí wọ́n ń pè ní mai gida. Òun ló ń fún wọn níbùsùn, tó ń bá wọn tọ́jú ẹrù, tó sì ń bá wọn wá oníbàárà. Títí dòní, Zongo ṣì jẹ́ orúkọ àdúgbò ní Kútọnu àti ní Parakou.

Nínú agbo ilé Yorùbá ńkọ́? Yàrá kéré, ẹrù ló sì gba èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ìgbé ayé wà. Láàárọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ran òwú. Lọ́sàn-án, ibẹ̀ ni baálé ti ń parí ìjà. Lálẹ́, wọ́n á tẹ́ ẹní, ó di ibùsùn. Bílẹ̀ bá mọ́, wọ́n á ká ẹní nílẹ̀, wọ́n á fi ti ògiri. Àlejò kan dé, ẹní kan. Mẹ́wàá dé, ẹní mẹ́wàá. Àwọn àgbà ní yàrá kótópó gba ogún ọ̀rẹ́. Ìfẹ́ ló fà á lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹní náà kópa níbẹ̀.

Nígbà tí ìjọba Faransé dé, wọ́n kọ́ case de passage fún àwọn ọ̀gá wọn tó ń rìnrìn àjò. Ọ̀gá náà ń gbé ibùsùn tó ṣeé ká kiri, pẹ̀lú tábìlì àti àga. Ta ló ń rù ú? Orí àwọn baba wa ni, nínú iṣẹ́ àfipáṣe tí òfin ọjọ́ 11 oṣù kẹrin ọdún 1946 wá fòpin sí. Nítorí náà, bí a bá ń yin ìrọ̀rùn àlejò, ẹ jẹ́ ká máa bi ara wa pé orí ta ló wà.

Àwa nìkan kọ́ la ní ọgbọ́n yìí. Ní Japan, ilé àlejò kan wà tó ń jẹ́ Nishiyama Onsen Keiunkan, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 705. Nínú irú ilé àlejò bẹ́ẹ̀, yàrá tí àlejò ti jẹun ni wọ́n ń tẹ́ ibùsùn sí lálẹ́. Wọn kò sọ àṣà yìí nù. Owó ni wọ́n ń fi í pa.

Àwa ńkọ́? À ń wó ọ̀dẹ̀dẹ̀, à ń kọ́ yàrá sìmẹ́ǹtì tí ibùsùn ńlá kan ti gbà tán. Bí ìyá kan bá gbé aláìsàn wá, pẹ̀lú ọmọ méjì, níbo ni wọn yóò sùn? Bí ìdílé bá dé fún ìsìnkú, ẹni méjìlá, ṣé yàrá mẹ́fà ni wọn yóò sanwó fún? Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ auberge lójú ọ̀nà, ẹ fi ilẹ̀kùn sáàárín yàrá méjì. Ẹ ra ibùsùn tó ṣeé gbé kúrò, ẹ fi ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó fẹ̀ síwájú ilé, ẹ má sì jẹ́ kí ẹní wọ́n. Bí a bá wó ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó kẹ́yìn láìwo ohun tó ń ṣe fún wa, owó la ó fi ra ọgbọ́n baba wa padà lọ́wọ́ ẹlòmíràn.