Ibùwọ̀ Òṣìṣẹ́ Réluwé: Èyí Tó Kù àti Èyí Tó Wó, Bí A Bá Ti Idigny Wò Ó

Ojú irin kò dé Idigny, ìlú kan nílẹ̀ Kétu ní Dàhómì, tó ń jẹ́ Benin lónìí. Síbẹ̀, ẹni tó bá tẹ́ àwòrán ilẹ̀ sórí tábìlì yóò rí i pé ọ̀nà irin mẹ́ta ló yí ìlú náà ká, tí ọ̀kankan kò sì kàn án. Ní gúúsù, èyí tó ti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) gba Sàkété wá parí sí Pobè ní 1913. Ní apá àríwá òun ìwọ̀-oòrùn, èyí tó gbéra ní Kútọnu dé Ṣábẹ̀ẹ́, tí àwọn Faransé ń kọ ní Savè, ní 1911. Ní ìlà-oòrùn, lódìkejì ààlà, ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn gba Abẹ́òkúta kọjá. Oṣù kẹta 1901 ni wọ́n ṣí i. Ọmọ Idigny tó bá fẹ́ fojú kan réluwé, ó di kó rìn dé ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èyí tó bá sì fẹ́ ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ó di kó kọ́kọ́ wá ibi tí yóò wọ̀ sí.

Ibi tí yóò wọ̀ sí yẹn ni ọ̀rọ̀ wa. Àwọn tó kọ ìtàn réluwé ka tọ́ọ̀nù ẹ̀pà àti èkùrọ́, wọ́n ka máìlì, wọ́n ka ẹ́ńjìnnì. Ibi tí ẹni tó ń bu èédú sínú iná sùn mọ́jú kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ wọ́n lógún. Ìbéèrè tiwa ni pé nínú gbogbo ibùwọ̀ tí òṣìṣẹ́ réluwé lò nílẹ̀ Yorùbá, lápá Faransé àti lápá Gẹ̀ẹ́sì, èwo ló ṣì dúró? Ìdáhùn náà kò le: ti ọ̀gá ló dúró. Bó ṣe wá rí bẹ́ẹ̀ ló gba àlàyé.

Àgọ́ tó ń bá irin rìn

Ilẹ̀ tí irin náà bá kì í ṣe ilẹ̀ tó fara rọ. Ogun Dàhómì ti pa ìlú Kétu run ní 1886, àwọn ará ibẹ̀ kò sì padà wá tún un dó títí Faransé fi ṣẹ́gun Dàhómì. Bí wọ́n ṣe ń gbé ògiri ìlú wọn dìde ni ìjọba tuntun náà ń béèrè owó orí, tó ń béèrè iṣẹ́ ọ̀ranyàn tí wọ́n ń pè ní prestation, tó tún wá ń kó ọ̀dọ́kùnrin sógun nígbà ogun àgbáyé àkọ́kọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asiwaju, nínú ìwé rẹ̀ lórí ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá tó jáde ní 1976, ṣàlàyé bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe di ẹrù wọn kọjá ààlà sí apá Gẹ̀ẹ́sì nítorí ìnira yìí. Àwọn Ọ̀họ̀rí tí wọn kò jìnnà sí Pobè ò tiẹ̀ sá. Wọ́n gbé ìjà ko Faransé láàárín 1914 sí 1916. Ọdún kan péré ni ojú irin fi ṣáájú ìjà náà.

Kútọnu ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí tẹ́ irin Dàhómì ní 1900. Ti Èkó ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìddó láti 1896. Níhà méjèèjì, àwọn ọba àti baálẹ̀ ni wọ́n ní kó wá òṣìṣẹ́, ẹni tó bá sì jáde nílé sùn sínú àgọ́: òpó igi tútù, orí koríko tàbí imọ̀ ọ̀pẹ, iná ìdáná níta. Bí irin bá ti sún síwájú, àgọ́ náà á sún tẹ̀ lé e. Ilé tí wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ bò kì í dúró de òpìtàn. Ẹ má jẹ́ ká wá a mọ́.

Ìdí tí awakọ̀ fi nílò bẹ́ẹ̀dì

Ìgbà tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí rìn ni ibùwọ̀ gan-an di ọ̀ràn. Ẹ́ńjìnnì olóoru kì í ṣe mọ́tò téèyàn ń yí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ó ń mu omi ju màlúù lọ, eérú rẹ̀ gbọ́dọ̀ kúrò, iná rẹ̀ gba wákàtí mélòó kan kó tó ràn débi tí oorú yóò fi lágbára. Nílẹ̀ òkè bí ti Kétu, tí omi ti ṣọ̀wọ́n láti ìgbà ìwáṣẹ̀, tó jẹ́ pé omi lojú àwọn obìnrin ń là sí lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, ohun tó ń mumi tó bẹ́ẹ̀ á jọ ọ̀ràn fún wọn. Bí dírẹ́bà, fáyámàànù àti gáàdì bá fi lè dé ìparí ọ̀nà nírọ̀lẹ́, ẹ́ńjìnnì ń sinmi, àwọn náà gbọ́dọ̀ sinmi, nítorí ẹni tí oorun ń kùn kò gbọdọ̀ wa ọkọ̀ tó ń fa igba èèyàn.

Gbogbo ayé ló kojú ọ̀ràn yìí, oníkálukú sì ní ojútùú tirẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ YMCA ló gbé e: ní Cleveland ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ka ti réluwé ní 1872, kí òṣìṣẹ́ tó jìnnà sílé má bàa máa sùn sílé ọtí. Ní Íńdíà, réluwé fúnra rẹ̀ kọ́ ilé kékeré sí ìparí ọ̀nà, wọ́n ń pè é ní running room, ó sì wà lẹ́nu iṣẹ́ títí di òní: bẹ́ẹ̀dì, sítóòfù, alásè kan, àti ẹni tí yóò wá jí awakọ̀ bí wákàtí rẹ̀ bá ti pé. Gẹ̀ẹ́sì gbé orúkọ yìí àti ètò rẹ̀ wá sí Nàìjíríà pẹ̀lú.

Lápá Dàhómì, Ṣábẹ̀ẹ́ ni kó jẹ́ ibùwọ̀ pàtàkì. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n gbáko, láti 1911 títí irin fi wọ Parakou ní 1936, ibẹ̀ ni ọ̀nà ti ń parí. Ẹrù àríwá á já síbẹ̀, ọkọ̀ á sùn síbẹ̀, àwọn tó wà á á sùn síbẹ̀. Nígbà tí ọ̀nà wá pé kìlómítà 438 dé Parakou, Ṣábẹ̀ẹ́ di ibi àkọjá. Pobè ní tirẹ̀ kò di ibi àkọjá rí: kìlómítà 107 sí Kútọnu, ìparí ni, ìparí ló wà. Ẹni tó bá fẹ́ ka ilé réluwé níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra, nítorí ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Pobè ní 1922 náà ní òṣìṣẹ́, ó sì ní ilé tirẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ilé onípáànù àtijọ́ tó wà nílùú náà ni ti réluwé.

Láàárín ìparí ọ̀nà kan sí èkejì, àwọn gáńgì ló wà níbẹ̀: àwọn tó ń di nọ́ọ̀tì, tó ń gbé sílípà, tó ń ro koríko ẹ̀gbẹ́ irin. Àwọn yìí kò ní ibi tí wọ́n ń lọ tí wọ́n ń bọ̀. Ẹ̀bá irin gan-an nilé wọn, yàrá kan-kan ní ìtò. Kọ́tásì ni wọ́n ń pè é bí wọ́n bá fẹ́ bọ̀wọ̀ fún un, bárékè bí wọn kò bá fẹ́.

Jaekel House

Nínú ọgbà réluwé ní Èbúté Mẹ́ta, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan wà tí wọ́n kọ́ ní 1898. Nínú gbogbo ohun tí a kà sílẹ̀ nínú ìwádìí yìí, òun ni ìtàn rẹ̀ dá wa lójú jù, òun náà ló sì kọ́ wa lọ́gbọ́n jù. Ọ̀gá àgbà réluwé ló kọ́kọ́ ń gbé ibẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n sọ ọ́ di ilé ìsinmi fún àwọn òṣìṣẹ́ onípò gíga, kí ẹni tó bá ti òkèèrè wá síṣẹ́ ní olú-ilé iṣẹ́ lè ríbi sùn. Ilé èrò òṣìṣẹ́ réluwé ni, ní ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà gan-an. Orúkọ Francis Jaekel tí wọ́n fi pè é jẹ́ ti òyìnbó tó fi nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sin réluwé Nàìjíríà, òun náà ló sì kọ ìtàn réluwé ọ̀hún sí ìdìpọ̀ mẹ́ta tó jáde ní 1997.

Ẹgbẹ́ Legacy, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1995 nítorí àwọn ilé àtijọ́, ló tún un ṣe. John Godwin, ayàwòrán-ilé tó ti wà ní Èkó láti 1954, ló ṣáájú iṣẹ́ náà. Lónìí, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ni. Àwòrán èèyàn, ibùdókọ̀ àti aṣọ iṣẹ́ láti àwọn ọdún 1940 sí 1970 ló kún inú rẹ̀. Ẹni tó bá wọ ibẹ̀ á mọ̀ pé àwọn tó tún un ṣe mọ iṣẹ́ wọn. A kò bá wọn jà.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ìdí tó fi wà láti tún ṣe. Ohun èlò tó le ni wọ́n fi kọ́ ọ. Inú ọgbà tó ní odi ló wà, ọwọ́ ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ló sì wà látìbẹ̀rẹ̀, nítorí náà ẹbí kò pín in, ẹnikẹ́ni kò sì tà á. Lójú tèmi, gbogbo èyí kò tó ìdí kan ṣoṣo tó kù: ilé náà ní ẹni tó mọ̀wé tó sì ń rántí rẹ̀. Bárékè gáńgì ní olùgbé; kò ní òǹkọ̀wé.

Ibi tí wọ́n kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ sí kò ṣèèṣì pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ ibà ló fà á. Malaria tí wọ́n ń pè é, èdè Ítálì ni, afẹ́fẹ́ búburú ni ìtumọ̀ rẹ̀. Àwọn dókítà àtijọ́ gbà pé láti inú ilẹ̀ tútù ni ibà ti ń rú jáde, ìdí nìyẹn tí òyìnbó ìgbà náà fi ń fẹ́ sùn lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, pẹ̀lú ọ̀dẹ̀dẹ̀ fífẹ̀ tí atẹ́gùn ń gbà. Ní 1897, Ronald Ross rí i ní Íńdíà pé ẹ̀fọn ni. Ẹnì kan lè rò pé ìyẹn á tú ìdè. Dípò bẹ́ẹ̀, láìpẹ́ sígbà náà, àwọn onímọ̀ kan ń gba ìjọba nímọ̀ràn pé kí ilé òyìnbó jìnnà pátápátá sí ti ènìyàn dúdú, wọ́n ní lára ọmọ dúdú ni ẹ̀fọn ti ń gbé ibà. William MacGregor, gómìnà Èkó láti 1899, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ dókítà, kọ̀ jálẹ̀ pé òun kò ní pín ìlú sí méjì. Ó ní kí wọ́n gbẹ́ kòtò omi, kí wọ́n pín kuníìnì fún tọmọdé tàgbà. MacGregor yìí kan náà ló wà lórí àlééfà nígbà tí ọ̀nà Ìbàdàn ṣí. Lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀rọ̀ àwọn tó fẹ́ ìpínyà ló borí.

Yàrá lọ́dọ̀ onílé

Ta ló wá gba àwọn yòókù sílé? Ìlú ni. Ilé iṣẹ́ àtúnṣe ẹ́ńjìnnì ní Èbúté Mẹ́ta kó èèyàn jọ ju iye kọ́tásì lọ fíìfíì. Àwọn tó kù gba yàrá nínú ilé àyágbé, yàrá tó kọjú síra, ọ̀nà tóóró láàárín, ilé ìdáná kan fún gbogbo ilé. Ẹni tó ní ìbátan lọ sọ́dọ̀ ìbátan. Ẹni tí kò ní lọ bá ará ìlú rẹ̀; ará Kétu á béèrè ọ̀dọ̀ ará Kétu.

Michael Imoudu, tó wọṣẹ́ réluwé ní 1929, ló wà níwájú nígbà tí òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹfà 1945. Ìdaṣẹ́sílẹ̀ náà lé ní oṣù kan. Alimotu Pelewura àti àwọn obìnrin ọjà Èkó ti àwọn òṣìṣẹ́ lẹ́yìn. Èrò tiwa ni pé ibi tí òṣìṣẹ́ ń sùn wà lára ohun tó mú èyí ṣeé ṣe. Ẹni tó ń gbé nínú bárékè ọ̀gá, ọ̀gá lè lé e síta. Ẹni tó wọ̀ sílé ìyá aláṣọ kan, ìyá aláṣọ náà mọ ọmọ rẹ̀, ó sì mọ ìgbà tí ọbẹ̀ tán nílé rẹ̀.

Lápá Faransé, ibùsùn gan-an wà lára ẹ̀dùn ọkàn. Òfin ti fòpin sí iṣẹ́ tipátipá ní oṣù kẹrin 1946. Àmọ́ nínú réluwé, ọ̀pọ̀ jù lọ òṣìṣẹ́ dúdú ṣì jẹ́ auxiliaire, ìyẹn ẹni tí a kò kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé onípò, kódà bó ti ṣiṣẹ́ fún ogún ọdún. Ilé gbígbé sì wà lára ohun tí onípò ń gbà tí òun kì í gbà. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹwàá 1947, nǹkan bí ọ̀kẹ́ kan òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ti Faransé, ti Dàhómì kò gbẹ́yìn. Oṣù kẹta 1948 ni wọ́n tó padà. Òǹkọ̀wé Sembène Ousmane gbé ìtàn kan lé e lórí ní 1960, tí àdúgbò ilé àwọn ọ̀gá òyìnbó ní Thiès, ní Senegal, wà nínú rẹ̀ gedegbe, lọ́tọ̀ sí ti àwọn òṣìṣẹ́.

Ohun tó kù láti kà

Dísù ló kọ́kọ́ dín ibùwọ̀ kù, nítorí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kì í sùn. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ dín kù. OCDN, àjọ tí Dàhómì àti Niger dá sílẹ̀ ní 1959 láti máa ṣàkóso réluwé, tí a wá mọ̀ sí OCBN, rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tí koríko fi bo irin ní ọ̀pọ̀ ibi. Ní Nàìjíríà, ọ̀nà tuntun Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹfà 2021 ń rìn fún wákàtí méjì ààbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Awakọ̀ rẹ̀ lè jẹ ẹ̀kọ àárọ̀ nílé, kó padà wá jẹ ẹ̀bà alẹ́ nílé kan náà. Kò nílò ilé èrò.

Nítorí náà, bí a bá fẹ́ kọ àkọsílẹ̀ ibùwọ̀ òṣìṣẹ́ réluwé fún ilẹ̀ òkè Kétu, ìtò yàrá gáńgì tó bá ṣì kù láàárín Sàkété sí Pobè, àti ní ẹ̀bá irin níhà Ṣábẹ̀ẹ́, ló yẹ ká kọ́kọ́ wọ̀n, ká yàwòrán wọn kí òrùlé wọn tó di ti ẹlòmíràn. Lẹ́yìn ìyẹn ni ká wọ Idigny fúnra rẹ̀, ká jókòó ti àwọn arúgbó tó fi ìlú sílẹ̀ lọ síṣẹ́, tàbí àwọn ọmọ wọn. Kí a má béèrè nọ́ńbà ilé. Kí a béèrè pé, "Bàbá, ta lẹ wọ̀ sí lọ́dọ̀ nígbà náà?" Orúkọ èèyàn ni yóò jáde lẹ́nu wọn, orúkọ onílé tàbí ti ìyàwó onílé, ibẹ̀ sì ni ká ti bẹ̀rẹ̀ sí wá ilé náà.