Crémant: wáìnì ahó tí kì í ṣe ṣáńpéènì

Crémant ni wáìnì ahó ilẹ̀ Faransé tí wọ́n ń ṣe bí wọ́n ṣe ń ṣe ṣáńpéènì gan-an, àmọ́ tí èso àjàrà rẹ̀ kò ti agbègbè Champagne wá. Ó lè dà bí ohun tó jìnnà sí Hulme, ní gúúsù àárín ìlú Manchester, níbi tí kò sí oko àjàrà. Bíà ni apá ibẹ̀ mọ̀ jù, torí Royal Brewery wà nítòsí, ní Moss Side. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń wá ohun mímu ìkómọ tàbí ìgbéyàwó, tó yà sí Asda ojú Princess Road tàbí ilé ìtajà ńlá mìíràn nínú ìlú, lè ná £40 sórí ìgò ṣáńpéènì olórúkọ kan. Crémant kì í sábà gba ìdajì iye yẹn. Èyí tí Aldi ń tà, Crémant du Jura, kì í jìnnà sí £10.

Ohun tó ń mú ẹmu hó náà ló ń mú crémant hó: ìwúkàrà ń jẹ ṣúgà, afẹ́fẹ́ sì ń jáde. Afẹ́fẹ́ ẹmu ń bá ẹnu akèrègbè lọ. Ti crémant kò ríbi gbà. Wáìnì tí kò hó ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe; wọ́n á rọ ọ́ sínú ìgò tó nípọn, wọ́n á fi ṣúgà àti ìwúkàrà sí i, wọ́n á sì dé e pinpin. Ó gbọ́dọ̀ wà lórí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ fún oṣù 9, ó kéré tán. Ibẹ̀ ló ti ń gba òórùn búrẹ́dì tí àwọn ọ̀mùtí máa ń yìn. Tó bá yá, wọ́n á dojú ìgò dé díẹ̀díẹ̀ kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ lè wá sí ọrùn, wọ́n á mú ọrùn náà dì, wọ́n á ṣí i, yìnyín ẹlẹ́gbin náà á sì ta jáde.

Ti ṣáńpéènì kò yàtọ̀, àfi pé ó ń pẹ́ sí i: oṣù 15 kí ó tó dọ́jà, 12 nínú rẹ̀ lórí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń ká èso méjèèjì. Nínú àjàrà kìlógíráàmù 150, lítà 100 péré ni òfin gbà kí wọ́n fún fún crémant. Ti Champagne jẹ́ lítà 102 nínú 160.

Níbo wá ni owó ń lọ? Ilẹ̀ ni. Champagne kò ju nǹkan bí hẹ́kítà 34,000 lọ, gbogbo ayé ló sì ń du èso rẹ̀. Kìlógíráàmù àjàrà kan níbẹ̀ ti kọjá yúrò 6, ìgò kan sì ń jẹ ju kìlógíráàmù kan lọ. Lẹ́yìn èyí ni owó orúkọ. Kò yẹ kí ìyẹn ṣàjèjì sí Hulme, torí ṣọ́ọ̀bù kan ní Cooke Street ni Henry Royce ti ṣe mọ́tò rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 1904, kí Rolls-Royce tó kó lọ sí Derby. Orúkọ yẹn náà lówó lórí.

Ọ̀rọ̀ náà "crémant" gan-an, ti Champagne ni tẹ́lẹ̀; wáìnì wọn tí ìhó rẹ̀ kò le ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àwọn agbègbè yòókù gbà láti yé kọ "méthode champenoise" sára ìgò, Champagne fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún wọn. "Méthode traditionnelle" ló wà lára ìgò báyìí. Loire àti Bourgogne ti gba àṣẹ láti pe tiwọn ní crémant ní 1975, Alsace tẹ̀ lé wọn ní 1976, Bordeaux àti Limoux ní 1990, Die ní 1993, Jura ní 1995. Savoie ló kẹ́yìn. Chenin ni Loire fẹ́ràn, Alsace ń lo Pinot Blanc gan-an, Jura ń lo Chardonnay.

Ará Limoux kì í gbà pé àwọn ń sín Champagne jẹ. Wọ́n ní àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn ní Saint-Hilaire ti ń ṣe wáìnì ahó ní 1531, ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ kí Dom Pérignon, ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn tí orúkọ rẹ̀ so mọ́ ṣáńpéènì, tó dé Hautvillers ní Champagne ní 1668.

Ibi tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ṣìnà ni ọ̀rọ̀ "brut". Ṣúgà inú wáìnì brut kò tó gíráàmù 12 nínú lítà kan, bẹ́ẹ̀ ahọ́n tí mọ́ọ̀tì àti mìnírà ti mọ́ lára á ní ó kan. Àlejò á fi ẹnu kàn án, á gbé e sílẹ̀, á sì ní ọtí olówó pọ́ọ́kú ni wọ́n fi ṣe òun lálejò, bẹ́ẹ̀ ṣáńpéènì brut náà á kan bákan náà. Fún irú àpèjẹ bẹ́ẹ̀, "demi-sec" ni kí ènìyàn wá, èyí tí ṣúgà rẹ̀ wà láàárín gíráàmù 32 sí 50. Tàbí Clairette de Die. Ìyẹn kì í ṣe crémant: Muscat ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, wọn kì í fi ṣúgà kún un, inú ìgò ló ti ń parí híhó rẹ̀, ọtí inú rẹ̀ kò sì tó 10%. Nínú gbogbo wọn, òun ló jọ ẹmu òwúrọ̀ jù.