Ọwọ́ Kan Kò Gbé Ẹrù Dórí: Ìtàn Kíkọ́ Iṣẹ́ Ẹnjiníà Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì

Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ni ó fẹ́ di ẹnjiníà. Ìbéèrè àwọn òbí ni pé, ṣé ènìyàn lè jókòó ti kọ̀ǹpútà nílé kí ó kọ́ iṣẹ́ ọwọ́? Ìtàn ni yóò dá wa lóhùn.

Kì í ṣe íntánẹ́ẹ̀tì ni ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀nà jíjìn. Lẹ́tà ni ọ̀pọ̀ àwọn bàbá wa fi gba ẹ̀kọ́ láti Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1971, Open University ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí fi ìwé, rédíò àti tẹlifíṣọ̀n kọ́ni. Síbẹ̀, wọ́n mọ̀ pé àlàyé nìkan kò tó. Wọ́n ń fi àpótí irinṣẹ́ ránṣẹ́ sílé àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Nàìjíríà dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1983, ìjọba ológun tì í ní 1984, kò sì tún ṣí títí di 2002. Ọdún méjìdínlógún ṣòfò!

Ní 1998, Ọ̀jọ̀gbọ́n Jesús del Alamo ní MIT, Amẹ́ríkà, so ẹ̀rọ tí a fi ń yẹ transistor wò mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè lò ó láti yàrá rẹ̀. Èyí ni ó di iLab. Yunifásítì Obafemi Awolowo ní Ilé-Ifẹ̀ wà lára àwọn mẹ́ta tí ó kọ́kọ́ bá wọn dòwò pọ̀ ní Áfíríkà, pẹ̀lú Makerere àti Dar es Salaam. Íntánẹ́ẹ̀tì ìgbà náà ń fà bí ìgbín, ṣùgbọ́n àwọn ará Ifẹ̀ kò káwọ́ gbera. Wọ́n ṣe iLab tiwọn. Ohun ìwúrí gbáà ni.

Ní 2012, MIT ṣí ẹ̀kọ́ iná ẹ̀lẹ́kítíríìkì kan lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé. Nǹkan bí 155,000 ènìyàn forúkọ sílẹ̀. Nǹkan bí 7,000 ni ó yege. Nínú ọgọ́rùn-ún, kò tó márùn-ún! Ilẹ̀kùn ṣí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní olùtọ́nisọ́nà tètè máa ń rẹ̀wẹ̀sì.

Nígbà tí àrùn Kòrónà ti ilé ẹ̀kọ́ pa ní March 2020, tí ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì sì gùn di December, àwọn kan rí ẹ̀kọ́ gbà lórí fóònù. Síbẹ̀, fóònù kò sọ ẹnikẹ́ni di ajórin.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó sanwó, ẹ bèèrè: níbo ni wọ́kíṣọ́ọ̀bù wà? Ta ni yóò tọ́ ọmọ náà sọ́nà? ITF, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Jos níbí, ni ó dá SIWES sílẹ̀ ní 1973 kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè fọwọ́ kan iṣẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ yín kàn gba òǹtẹ̀ sínú ìwé láìṣiṣẹ́. Ẹgbẹ́ wa náà lè ya yàrá kan sọ́tọ̀ fún kọ̀ǹpútà, dátà àti jẹnẹrétọ̀. Kọ̀ǹpútà ń la ojú, wọ́kíṣọ́ọ̀bù ń kọ́ ọwọ́.

Ọlọ́run yóò jẹ́ kí àwọn ọmọ wa ṣe orí ire. Àmín.