Ìwé Ìrìnnà, Ibodè àti Èbúté: Ìtàn Ìdúró Àlejò ní Ẹnu Ọ̀nà

Nínú gbogbo ohun tí í máa dán sùúrù arìnrìnàjò wò, kò sí èyí tí ó tó ìdúró ní ẹnu ibodè. Ẹni tí ó rin ọ̀nà jíjìn lè fara da oòrùn, ó sì lè fara da òjò. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá rí ìlú tí ó ń lọ lọ́ọ̀ọ́kán, tí a sì wí fún un pé kò gbọdọ̀ wọlé títí a ó fi yẹ ìwé rẹ̀ wò, nígbà náà ni ọkàn rẹ̀ máa ń rẹ̀wẹ̀sì. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún obìnrin oníṣòwò tí ó sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ ní Ìdí-Ìrókò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó sì rí fún àwọn ọlọ́rọ̀ tí ó wà nínú ọkọ̀ ìgbafẹ́ ní èbúté ilẹ̀ òkèèrè. Ó yẹ kí àwa olùkọ́, àti ẹ̀yin ọmọ ilé ẹ̀kọ́, mọ ibi tí àṣà yìí ti wá, ohun tí ó wà fún, àti ohun tí ó ti fi ojú ọmọ ènìyàn rí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ti inú ọkọ̀ òkun. Ọkọ̀ ìgbafẹ́ ńlá ti òde òní lè gbé ènìyàn tí ó ju 3,000 lọ. Nígbà tí ó bá dé èbúté àjèjì, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀ kí àwọn ìjòyè èbúté tó fi àṣẹ sí i. Ọ̀gá ọkọ̀ a ta àsíá aláwọ̀ ìyeyè, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ara àwọn ènìyàn inú ọkọ̀ le, ó sì ń tọrọ àyè láti wọlé. Àwọn kan a wá wò bóyá àìsàn wà. Àwọn kan a wo ẹrù. Àwọn mìíràn a sì yẹ ìwé ìrìnnà wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ìjòyè mẹ́wàá bá ń ṣiṣẹ́ náà pọ̀, tí wọ́n sì lo ìṣẹ́jú kan péré lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, 3,000 ènìyàn yóò gba wákàtí márùn-ún gbáko. Bí ìwé ẹnì kan kò bá sì pé, àwọn ìyókù lè máa dúró dè é. Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ tí ó bá gbé ẹni tí kò ní ìwé tí ó tọ́ a máa san owó ìtanràn, òun náà ni yóò sì gbé e padà.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àná ni a dá ìdúró ní ẹnu ọ̀nà sílẹ̀. Àwa tí a ń ka Ìwé Mímọ́ mọ̀ pé nígbà tí Nehemáyà fẹ́ ti Ṣúṣánì lọ sí Jerúsálẹ́mù, ó bẹ ọba pé kí ó fún òun ní ìwé sí àwọn baálẹ̀ òkè odò, kí wọ́n lè jẹ́ kí òun kọjá. Ìwé ìrìnnà ni èyí í ṣe. A sì mọ̀ láti inú ìwé Àwọn Onídàájọ́, orí 12, pé àwọn ará Gílíádì dúró ní ìwọ́dò Jọ́dánì, tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo dá ènìyàn mọ̀. Ẹni tí ahọ́n rẹ̀ kò bá lè pe Ṣíbólẹ́tì bí ó ti yẹ, ikú ni èrè rẹ̀. Nínú ìtàn kan, ibodè jẹ́ ọ̀nà ìrànlọ́wọ́. Nínú ìkejì, ó jẹ́ ojúbọ ìpànìyàn. Ìyàtọ̀ yìí ni kí olùkàwé fi sọ́kàn.

Ní ilẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú, ìlú tí ó ní odi ní ibodè, ibodè sì ní oníbodè. Iṣẹ́ mẹ́ta ni oníbodè ń ṣe: ó ń bi àlejò léèrè ibi tí ó ti ń bọ̀ àti ilé tí ó ń lọ, ó ń gba owó ẹyọ lórí ẹrù, ó sì ń ti ìlẹ̀kùn nígbà tí ogun bá dé. Ẹni tí ọba rán níṣẹ́ a mú ọ̀pá ọba dání, kí a lè mọ̀ pé kò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Àwọn mìíràn a gbé àrokò, tí a fi owó ẹyọ, ìyẹ́ àti òwú dì, tí ẹni tí a fi í ránṣẹ́ sí a sì tú ìtumọ̀ rẹ̀ bí ẹni ń ka lẹ́tà. Ọ̀pá àti àrokò ni ìwé ìrìnnà àwọn bàbá wa.

Ìwé gidi pẹ̀lú kò ṣàì bọ́ sí ọwọ́ àwọn ènìyàn wa láìpẹ́. Lẹ́yìn tí àwọn Mùsùlùmí ẹrú àti òmìnira, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ Yorùbá, ti dìtẹ̀ ní Bahia ní ilẹ̀ Brazil ní oṣù kìíní 1835, ìjọba ibẹ̀ fi òfin líle ni àwọn ọmọ Áfíríkà lára, ọ̀pọ̀lọpọ̀ sì gba ìwé ìrìnnà láti padà wá sí etí òkun ilẹ̀ wa. Èyí jẹ́ ohun ìyanu: a kó wọn lọ láìsí ìwé, láìsí ìbéèrè, ìgbà tí wọ́n fẹ́ padà sílé ni a tó béèrè ìwé lọ́wọ́ wọn.

Àwọn tí ó mú Ìhìnrere wá pẹ̀lú mọ bí ìdúró ti rí. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní 1845, Henry Townsend, C. A. Gollmer àti Samuel Ajayi Crowther gúnlẹ̀ ní Àgbádárìgì, èrò wọn sì ni láti tètè gòkè lọ sí Abẹ́òkúta. Ṣùgbọ́n Ṣódẹkẹ́, olórí Ẹ̀gbá tí ó ń retí wọn, ti kú; àwọn Ẹ̀gbá ń bá Adó jagun; ọ̀nà sì dí. Nǹkan bí oṣù 18 ni wọ́n fi dúró ní etí òkun. Wọn kò ká ọwọ́ lẹ́rán. Wọ́n kọ́ ilé, wọ́n kọ́ ọmọdé ní ìwé, wọ́n sì wàásù. Ọdún 1846 ni Townsend àti Crowther tó wọ Abẹ́òkúta. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ ọdún náà ni Crowther rí Àfàlá ìyá rẹ̀, ẹni tí a ti yà á kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ láti ìgbà tí a kó o lẹ́rú ní 1821. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ọ̀nà dídí ń gbà lọ́wọ́ ènìyàn, kí ó rò ó wò: ní gbogbo oṣù wọ̀nyẹn, ìyá wà ní òkè, ọmọ wà ní ìsàlẹ̀, ìrìn ọjọ́ díẹ̀ ni ó sì wà láàrín wọn.

Ní èbúté Èkó, omi fúnra rẹ̀ ni oníbodè àkọ́kọ́. Yanrìn tí ó gbá jọ ní ẹnu ọ̀sà kò jẹ́ kí ọkọ̀ ńlá wọlé. Ìta ni wọ́n ti ń dúró, tí a ń fi ọkọ̀ kékeré kó èrò àti ẹrù láàrín ìgbì. Títí a fi mọ odi òkúta sínú òkun, tí a sì ṣí èbúté Àpápá ní 1926, sùúrù ni owó ọkọ̀ tí ó pọ̀ jù. Lẹ́yìn omi ni àìsàn. Ní ìlú Ragusa ní ilẹ̀ Yúróòpù, ní 1377, a pa á láṣẹ pé kí àwọn tí ó ti ibi àjàkálẹ̀ àrùn wá dúró ní ìta fún ọgbọ̀n ọjọ́. Lẹ́yìn náà ó di ogójì, àṣà náà sì tàn dé gbogbo èbúté ayé.

Ti ìwé ni ó dé kẹ́yìn. Kí ogun 1914 sí 1918 tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń ti ilẹ̀ kan bọ́ sí òmíràn ní Yúróòpù láìmú ìwé kan lọ́wọ́. Ẹ̀rù amí ni ó mú kí àwọn ìjọba máa béèrè ìwé. Ogun parí, ìwé kò parí. Ní 1920, ìpàdé kan tí Ìmùlẹ̀ Àwọn Orílẹ̀-Èdè pè ní Paris fi ìlànà kan lélẹ̀ nípa bí ìwé ìrìnnà yóò ti rí. Ní ilẹ̀ tiwa ní ìgbà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, orúkọ méjì ni ó wà nínú ìwé: ẹni tí a bí ní Èkó jẹ́ ọmọ ìjọba ọba Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí a bí ní òkè, ní ilẹ̀ tí a pè ní ilẹ̀ ààbò, jẹ́ ẹni tí a ń dáàbò bò lásán. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa wọ ọkọ̀ Elder Dempster lọ sí Liverpool, irú bí Aureol tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1951, tí ó sì fi ojú ọ̀nà náà sílẹ̀ ní 1974. Ṣùgbọ́n láti 1962, nígbà tí Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin tí ó dín wíwọlé àwọn ará ìjọba wọn àtijọ́ kù, ilẹ̀kùn tí ó ṣí gbayawu bẹ̀rẹ̀ sí pa dé.

Kí a má ṣe rò pé ìdààmú lásán ni ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù karùn-ún 1939, ọkọ̀ St. Louis gbéra láti Hamburg, ó kó àwọn tí ó lé ní 900, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ Júù nìkan, tí wọ́n ń sá fún Hitler. Wọ́n ní ìwé ìwọ̀lú Cuba lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó gbéra ni ìjọba Cuba ti sọ ìwé náà di asán. Nígbà tí ọkọ̀ dé Havana, ènìyàn 28 péré ni a gbà. Amẹ́ríkà pẹ̀lú kò gbà wọ́n. Ọkọ̀ náà padà sí Yúróòpù, àwọn tí ó ju 250 nínú wọn sì kú lẹ́yìn náà ní ọwọ́ àwọn tí wọ́n ń sá fún. Ìwọ́dò Jọ́dánì tún nìyí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé ni a fi pa wọ́n, kì í ṣe idà.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a padà sí ilé. Láti Igbógílà, ẹni tí ó bá dojú kọ ìwọ̀ oòrùn kò ní rìn jìnnà púpọ̀ kí ó tó kan ààlà tí a kò fi odò tàbí òkè ṣe, bí kò ṣe kálámù. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ṣe àdéhùn tí ó fà á. Kò sí ọba wa kan nínú ìjókòó náà. Kétu, tí àwọn ọmọ ogun Dahomey ti fọ́ ní 1886, tí ó sì tún dìde lẹ́yìn tí Faransé ṣẹ́gun ọba Béhanzin, bọ́ sí ọwọ́ Faransé. Ìmẹ̀kọ, tí ó wà lábẹ́ Alákétu, bọ́ sí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú Ìlaròó àti ilẹ̀ tí Ayétòrò àti Igbógílà wà. Nígbà tí Faransé ń fi ipá mú ènìyàn ṣiṣẹ́, tí wọ́n sì ń kó ọ̀dọ́mọkùnrin lọ sí ogun 1914, ọ̀pọ̀ ènìyàn Kétu àti Ọ̀họ̀rí ni ó sá wá sí ìhà tiwa. Wọn kò kà á sí pé wọ́n lọ sí ilẹ̀ àjèjì. Ilé ìbátan ni wọ́n sá wá. Títí di òní, Àjàyí tí a kọ orúkọ rẹ̀ ní Kétu lè di Adjayi nínú ìwé, kí ọmọ bàbá rẹ̀ ní Ìmẹ̀kọ sì máa jẹ́ Ajayi. Ẹ̀jẹ̀ kan, orúkọ kan, ìwé méjì.

Àwọn ènìyàn wa ti jìyà ìwé ní ilẹ̀ òkèèrè. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá 1969, ìjọba Busia ní Gánà pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kó jáde láàrín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn Yorùbá tí wọ́n ti ṣòwò níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí wọ́n ti kọ́lé, tí wọ́n ti bímọ, fi ọjà àti gbèsè sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò dúró síbẹ̀. Ní oṣù kìíní 1983, ìjọba Nàìjíríà tiwa pẹ̀lú pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé jáde, ó sì kan àwọn ọmọ Gánà tí ó pọ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀. Ààlà Gánà tì, nítorí náà ti àwọn tí ó wà láàrín ọ̀nà tì pẹ̀lú. Ènìyàn sì há sí ojú ọ̀nà àti èbúté pẹ̀lú ọmọ àti ẹrù, títí Gánà fi ṣí ilẹ̀kùn ní ìparí oṣù náà. Ohun tí a ṣe sí wa ni àwa náà ṣe sí ẹlòmíràn.

Láàrín ìyà méjèèjì yìí ni a ti kọ ohun rere kan sílẹ̀. Ní Dakar, ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 1979, àwọn ìjọba ECOWAS, ẹgbẹ́ tí a dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1975, fọwọ́ sí i pé ọmọ ìlú kan lè wọ ìlú kejì fún 90 ọjọ́ láìgba físà, bí ìwé ìrìnnà rẹ̀ bá sáà ti pé. Síbẹ̀ a ti ibodè wa ní 1984, a kò sì ṣí i títí di 1986. Ní oṣù kẹjọ 2019 a tún tì í, nítorí ìrẹsì àti ẹrù fàyàwọ́ mìíràn. Sẹ̀mẹ̀ ṣí ní oṣù kejìlá 2020, ṣùgbọ́n Ìdí-Ìrókò, tí í ṣe ẹnu ọ̀nà tiwa, dúró de 2022.

Kí ni ìtàn yìí kọ́ wa? Iṣẹ́ mẹ́ta tí oníbodè àtijọ́ ń ṣe kò tíì yí padà: láti mọ àlejò, láti gba owó, láti ti ìlẹ̀kùn. Mo gbà pé ìlú tí kò mọ ẹni tí ń wọ̀ ọ́ kò ní pẹ́ kí ó tó kábàámọ̀. Àìsàn ń bẹ, àwọn tí ń ta ọmọ ènìyàn sì ń bẹ. Àbùkù dé nígbà tí gbígba owó àti títi ìlẹ̀kùn bá gbé mímọ àlejò mì. Nígbà tí a kò béèrè ẹni tí ènìyàn í ṣe mọ́, bí kò ṣe ohun tí ó ní lọ́wọ́, tàbí tí a ti dá a lẹ́bi kí ó tó la ẹnu. Ìdúró tí ó ní ìdí, tí ó sì ní òpin, ìwà ọlọgbọ́n ni. Ìdúró tí kò ní ìdí, ìnira ni.

Iṣẹ́ kan wà fún wa nínú èyí. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ jẹ́ kí a fi kún un pé ìwé là ń wò kí a tó kọ orúkọ ọmọ sílẹ̀. Olùkọ́ tí ó fi àìbìkítà kọ orúkọ ọmọ lọ́tọ̀ nínú ìwé ilé ẹ̀kọ́, tí ó kọ ọ́ lọ́tọ̀ nínú ìwé ẹ̀rí, ti gbin ìdádúró kan tí ọmọ náà yóò ká ní èbúté lẹ́yìn ogún ọdún. Ẹ kọ ọ́ bákan náà níbi gbogbo, pẹ̀lú ọjọ́ ìbí tí ó jẹ́ òtítọ́. Ẹ̀yin ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ẹ̀wẹ̀, nínú yín ni àwọn aṣọ́bodè ọ̀la yóò ti jáde. Ní ọjọ́ tí ìwé àlejò bá wà ní ọwọ́ yín, ẹ rántí pé Olúwa wa ka ara rẹ̀ mọ́ àwọn àlejò tí a gbà tàbí tí a kò gbà sílé, kí ẹ sì ṣe é fún un bí ẹ̀yin ìbá ti fẹ́ kí a ṣe fún àwọn bàbá yín ní Gánà.